“Ìyẹn Nìkan Náà Ni?”: Ọmọńlé, Bátìrì àti Bọ́tìnì Tí A Fi Ń Tẹ Yorùbá

Òkàká ni mo wà tí mo ti ń kọ èyí. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti gbẹ, eruku sì ti bo orí tábìlì mi. Mo ṣèlérí fún yín nígbà tó kọjá pé ìtàn ọ̀nà tó ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí ni n ó kọ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àlejò kan yà lọ́dọ̀ mi, ó yí ètò mi padà. Ẹ má bínú. Ọ̀nà Ṣakí ò ní sá lọ.

Ọmọkùnrin kan ni àlejò náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa níbí, ó ń tún rédíò, fíríísà àti ínfátà ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé páálí kékeré kan sílẹ̀, ó ní, “Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ ìtàn ẹ̀rọ. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé n lè gba páténtì lórí ẹ̀?”

Mo ṣí páálí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tí a fi ń dáàbò bo fíríísà: NEPA á mú iná dé, iná náà á kọ́kọ́ máa ya wèrè, ẹ̀rọ yìí á wá ní kí fíríísà ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí iná tó wọlé. Mo ní, “Ọmọ mi, wọ́n ti ń ta irú èyí ní Alábà tipẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, mo mọ̀. Ìyẹn kọ́. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọńlé ni.”

Ẹni tó bá gbé Òkè-Ògùn mọ ohun tí ojú àwọn oníṣẹ́ iná ń rí lọ́wọ́ ọmọńlé. Inú ẹ̀rọ máa ń móoru, ọmọńlé á wọ ibẹ̀ lọ sùn. Ó gbé ọwọ́ lé ojú iná kan, ó gbé ìrù lé èkejì, ó kú, ẹ̀rọ náà sì bá a kú. Ọmọkùnrin yìí ti wá to àwọn ojú iná náà lọ́nà kan tí ọmọńlé kò fi lè fara kan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fi kọ́bọ̀ kún owó iṣẹ́ náà. Bó ṣe tò ó gan-an ni n kò ní sọ níbí; ẹ ó mọ ìdí ẹ̀ kí n tó parí.

Mo pe ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi lórí fóònù, ẹni tó kọ́ ìtàn lọ́dọ̀ mi fún ọdún kan kó tó sá lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. Mo kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ pé àṣírí ni, kí n tó ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín: “Prof, ìyẹn nìkan náà ni? Ta ni ò lè ṣèyẹn?”

Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ojú ẹ̀ fà ro. Ó dun èmi náà. Ọ̀rọ̀ “ìyẹn nìkan náà ni” yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé apá tó le jù nínú òfin páténtì, orí ẹ̀ ló dúró lé. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìbéèrè ìtàn ni. Ẹni tó bá fi ojú òní dáhùn ẹ̀ á ṣì í dá.

Ohun tí òfin ń béèrè

Páténtì ni ìwé tí ìjọba fi ń bá ẹni tó hùmọ̀ nǹkan dá májẹ̀mú: ìwọ ṣàlàyé bó o ṣe ṣe é fún gbogbo ayé, àwa náà á rí i pé kò sí ẹni tó ṣe é tà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ní Nàìjíríà, ogún ọdún ni májẹ̀mú náà, ẹni tó gbà á sì ní owó tó gbọ́dọ̀ máa san lọ́dọọdún kó má baà já. Òfin tó dá lórí ẹ̀ ni Patents and Designs Act, tí ìjọba ológun gbé jáde gẹ́gẹ́ bí Decree 60 ti ọdún 1970.

Òfin náà béèrè nǹkan mẹ́ta. Ìhùmọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé lò nínú iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ló ń dá ìjà sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé làákàyè ìhùmọ̀ ló bí i, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kàn hàn kedere látinú ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀.

Hàn kedere sí ta ni? Kì í ṣe sí ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tèmi tí kò lè so wáyà méjì pọ̀. Kì í sì í ṣe sí àkàndá ẹ̀dá tó ń lá àlá ẹ̀rọ tuntun lóru. Ẹni tí àwọn adájọ́ fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà ni òmọ̀ṣẹ́ lásán: ó kọ́ṣẹ́, ó jáfáfá, ó mọ gbogbo ohun táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mọ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n mú ìwé lọ síwájú ìjọba, ì bá ti dé ibi tí olùhùmọ̀ dé láìjẹ́ pé ó la òógùn púpọ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí páténtì.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1851 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù níbẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni ń là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ Hotchkiss àti Greenwood. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń jà lé. Igi àti irin làwọn èèyàn fi ń ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn olùpẹ̀jọ́ fi amọ̀ ṣe tiwọn. Ilé ẹjọ́ ní iṣẹ́ òmọ̀ṣẹ́ lèyí, kì í ṣe iṣẹ́ olùhùmọ̀. Nǹkan kan ni wọ́n fi rọ́pò òmíràn.

Ẹ jẹ́ n gbé e wá sí Ìsẹ́yìn, kó lè yé wa dáadáa. Nígbà tí òwú dídán tí a ń pè ní ṣáìnì-ṣáìnì dé, àwọn ahunṣọ wa fi í sínú aṣọ òkè, ó sì tà wàrà-wàrà. Ṣé olùhùmọ̀ lẹni tó kọ́kọ́ fi í sí i? Ó lójú ẹwà, ó sì gbọ́n nídìí ọjà. Àmọ́ òwú ló fi rọ́pò òwú. Ahunṣọ tó bá ti di òwú náà mú, òfì ẹ̀ fúnra ẹ̀ á sọ ohun tó kàn fún un. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tó ronú kan bí a ṣe lè dá ihò sára aṣọ, tí ihò náà á jẹ́ ọ̀ṣọ́, tí aṣọ ò sì ní tú, ìyẹn ni n ó gbé àga fún. Òun ni n ó bi pé: báwo lo ṣe rí i?

Bátìrì inú omi

Ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 1966, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ méjì tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti irin ìtúlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olókùúta, ẹjọ́ Graham àti John Deere. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí àpáta ti kán ọkọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ mọ ìṣòro náà. Ilé ẹjọ́ ní àtúntò irin náà hàn kedere, páténtì ẹ̀ sì ṣubú. Àmọ́ inú ẹjọ́ yẹn ni wọ́n ti la ọ̀nà tí a ṣì ń tọ̀ sílẹ̀. Kí ló ti wà nílẹ̀? Kí ni ìyàtọ̀ tí tuntun yìí mú wá? Báwo ni ìmọ̀ òmọ̀ṣẹ́ inú iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó? Lẹ́yìn náà ni kí a wá pe àwọn ẹlẹ́rìí ẹ̀gbẹ́: ṣé ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wá ojútùú yìí? Ṣé àwọn kan gbìyànjú tí wọ́n kùnà? Ṣé nígbà tó dé, ọjà gbà á?

Ẹ wò wọ́n dáadáa. Kò sí èyí tí kì í ṣe ìbéèrè òpìtàn níbẹ̀.

Ẹjọ́ kejì ni ti Adams. Ọkùnrin yìí ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe bátìrì. Ó fi magnesium sí apá kan, ó fi cuprous chloride sí èkejì. Gbẹrẹfu ni wọ́n á gbé e pamọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n á da omi sí i. Omi lásán! Ó gba páténtì ẹ̀ ní 1943. Ó fi han àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láìsọ fún un. Nígbà tó gbọ́, tó sì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, kí ni ìjọba sọ? Wọ́n ní ohun tó ṣe hàn kedere, pé èròjà méjèèjì ti wà nínú ìwé tipẹ́, pé ó kàn fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn ni, bíi ti ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Wọ́n ròyìn pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń ro ẹjọ́ náà, agbẹjọ́rò Adams mu omi díẹ̀ nínú ife tó wà níwájú ẹ̀, ó wá ju bátìrì kékeré kan tó so mọ́ gílóòbù tíń-ń-tín sínú ìyókù. Gílóòbù tàn. Ó ń tàn bẹ́ẹ̀ lójú àwọn adájọ́ bó ṣe ń rojọ́ lọ. Adams ló jàre. Ilé ẹjọ́ gbà pé lóòótọ́ ni èròjà méjèèjì ti wà nínú ìwé, àmọ́ ohun tí ìwé náà sọ nípa wọn tó láti mú kí òmọ̀ṣẹ́ sá fún dída wọn pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tó sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ sì ti jẹ́rìí láìmọ̀: ohun tí ẹ ò gbà gbọ́ nígbà tí ẹ fojú rí i, báwo ló ṣe wá hàn kedere sí yín kí ẹ tó rí i?

Ẹjọ́ kẹta dé ní ọdún 2007, KSR àti Teleflex. Pẹ́dà mọ́tò tó ṣeé sún síwájú àti sẹ́yìn ni, pẹ̀lú ohun èlò iná kan tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ pẹ́dà náà tó. Pẹ́dà tó ń sún ti wà. Ohun èlò iná náà ti wà. Gbogbo àwọn tó ń ṣe mọ́tò ló ti ń fi iná rọ́pò wáyà irin. Olùhùmọ̀ wá gbé èkíní lé èkejì. Ilé ẹjọ́ ní èyí hàn kedere, ó sì sọ ohun kan tó yẹ kí a rántí: òmọ̀ṣẹ́ inú òfin kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe kìkì ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé fún un, òun náà ní làákàyè, ó lè fi ọgbọ́n inú ìwé méjì ṣe ọ̀kan.

Ẹ gbé bátìrì àti pẹ́dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú méjèèjì, ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀. Ìyàtọ̀ ò sí nínú irin. Ohun táwọn òmọ̀ṣẹ́ ń rò lọ́jọ́ náà ló yàtọ̀. Ti pẹ́dà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń forí lé. Ti bátìrì, ńṣe ni wọ́n ń sá fún un.

Nígbà tí òmọ̀ṣẹ́ inú òfin ń gbé Lọ́ńdọ́nù

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láti ọdún 1900 ni òfin páténtì ti wà nílẹ̀ wa, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1925, wọ́n gbé òfin mìíràn dé: páténtì tí wọ́n bá ti fúnni ní ìlú Ọba nìkan ni Èkó á máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan ní Òkàká ní 1950 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́nù, kó dúró de ìdáhùn, kó tó wá fi ìdáhùn náà forúkọ sílẹ̀ nílé ara ẹ̀. Òmọ̀ṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ ẹ̀, Lọ́ńdọ́nù ló ń gbé. Kò mọ ọyẹ́, kò mọ NEPA, kò sì bá ọmọńlé pàdé rí.

Òfin 1970 ló já okùn yẹn. Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Àkọ́kọ́: ìjọba kì í yẹ ìhùmọ̀ wò bóyá ó tuntun tàbí ó hàn kedere kí wọ́n tó fúnni ní ìwé. Bí fọ́ọ̀mù bá ti pé, wọ́n á fún ọ. Òfin sọ ọ́ láìfi bò pé ewu ẹni tó gbà á ló wà lọ́rùn ẹ̀, kò sí ìdánilójú pé yóò dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri, ẹ rọra. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá pè yín lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni ìdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: kí ni òfin wa pè ní ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀? Gbogbo ohun tó ti hàn sí aráyé níbikíbi, nígbàkigbà, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń lò ó ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu! Àwa tí a ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wa jà pé ìtàn ẹnu jẹ́ ìtàn, òfin páténtì Nàìjíríà ti gbà pẹ̀lú wa láti 1970. Ohun tí alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣakí bá ti ń ṣe ní gbangba, ó ti wọ inú ìmọ̀ tó wà nílẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ lẹ́tà kan. Kìkì pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè wá jẹ́rìí sí i.

Bọ́tìnì tí a fi ń tẹ àmì ohùn

Èyí ló gbé mi dé ẹjọ́ tó sún mọ́ èdè wa jù lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ LANCOR, tí ọmọ Nàìjíríà kan, Adé Oyegbola, jẹ́ olórí ẹ̀ ní Massachusetts, pe àjọ One Laptop Per Child lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Àjọ yìí ni ti Nicholas Negroponte, àwọn tó fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n ti ń dán an wò nígbà náà ní ilé-ìwé kan ní Galadima, ní Àbújá. LANCOR ní kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní Konyin. Dípò bọ́tìnì Shift méjì tí gbogbo ayé mọ̀, mẹ́rin ló wà lára ẹ̀. Méjì tó lé yẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn tẹ ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn àti àwọn lẹ́tà èdè Nàìjíríà mìíràn wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní àjọ náà ra kíbọ́ọ̀dù àwọn, ó tú u wò, ó sì fi ọgbọ́n inú ẹ̀ ṣe tiẹ̀. Ogún mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n béèrè fún. Àjọ náà ní irọ́ ni; bọ́tìnì AltGr tó ti wà lára kíbọ́ọ̀dù ilẹ̀ òkèèrè tipẹ́ làwọn lò.

Kì í ṣe ẹni tó jàre ni mo fẹ́ wádìí. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ọ̀nà Graham wo bọ́tìnì náà.

Kí ló ti wà nílẹ̀? Shift fúnra ẹ̀ ti wà lára táípúráítà Remington láti 1878. Ní MIT, nítòsí ibi tí àwọn méjèèjì tó ń jà yìí ń gbé, àwọn kan ti ṣe kíbọ́ọ̀dù kan ní nǹkan bí 1978 tí àwọn bọ́tìnì tó ń yí ìtumọ̀ lẹ́tà padà lára ẹ̀ pọ̀ bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. AltGr ti wà láti àwọn ọdún 1980. Ní 1994, àjọ ISO gbé ìlànà 9995 jáde, tó sọ bí bọ́tìnì kan ṣe lè gbé ju àmì méjì lọ.

Èmi náà ní ẹ̀rí tèmi. Nígbà tí mo ń kọ ìwé ìwádìí mi ní Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bàbá kan wà ní Dùgbẹ̀ tó ń tún táípúráítà ṣe. Ó yọ bọ́tìnì tí a kì í lò, ó jó irin kékeré mọ́ orí ẹ̀, ó sì ṣe é kí bébà má sún nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. A ó tẹ àmì ohùn, bébà á dúró síbẹ̀. A ó wá tẹ lẹ́tà lé e lórí. Àwọn Faransé ti ní irú ẹ̀ lára táípúráítà wọn. Bàbá náà rí i lára tiwọn, ó sì mú un bá tiwa mu. Kò pe ara ẹ̀ ní olùhùmọ̀. Owó iṣẹ́ ẹ̀ ló gbà.

Èyí ni apá kan. Ẹ gbọ́ apá kejì, kí a má baà ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bú sẹ́rìn-ín. Kí Townsend tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni a ti ń tẹ Yorùbá. Ní 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí bó ṣe yẹ kí a kọ èdè wa. Láti ìgbà náà ni àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè ti jẹ́ ìyọnu fún àwọn atẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà dé, ìyọnu náà ò tán. Nínú Unicode, ẹ àti ọ wà lódindi nítorí pé àwọn ará Vietnam ń lò wọ́n. Ẹ́ àti ọ́ tiwa, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò sí lódindi títí dòní, àfi kí a kó o jọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà fún wa, wọn ò sì rántí wa. Nígbà tí ẹnìkan bá wá jókòó, tó ná owó àti ọdún ẹ̀ kí ọmọ Yorùbá lè tẹ orúkọ ara ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó burú kí a yọ ṣùtì sí i pé “ìyẹn nìkan náà ni?” Àìní tó ti pẹ́ wà lára àwọn ẹlẹ́rìí tí Graham ní kí a pè.

Bí mo bá ní kí n sọ tèmi: fífi bọ́tìnì kan kún un kí lẹ́tà lè pọ̀ sí i, lójú mi, ó hàn kedere sí ẹni tó bá mọ ìtàn kíbọ́ọ̀dù. Ohun tó pẹ́ kó tó dé ni ẹni tó máa náwó sí i, kì í ṣe ẹni tó máa ronú kàn án. Nǹkan méjì nìyẹn, a ò sì gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Àìní tó pẹ́ máa ń jẹ́rìí fún olùhùmọ̀ tó bá jẹ́ pé ọgbọ́n ló wọ́n. Bó bá jẹ́ pé owó ló wọ́n, ẹ̀rí náà fúyẹ́.

Ohun kan ṣì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn fò dá. Páténtì ni wọ́n ń kọ, àmọ́ ohun tí LANCOR fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni ìrísí, èyí tí òfin kan náà yẹn pè ní design. Ìrísí ò ní láti la ìdánwò “hàn kedere” kọjá. Kó ṣáà ti jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n òfin fi ọgbà yí i ká: ìrísí tó bá jẹ́ pé torí kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ nìkan la ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ohun tí òfin ń pè ní ìrísí. Ọgbọ́n tó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà páténtì ni kó gbà wọlé, kí òmọ̀ṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbọ́dọ̀ gba fèrèsé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a lè jí lọ́jọ́ kan kí a bá a pé ọ̀nà tí a ń gbà tẹ èdè àwọn bàbá wa ti di oko olóko.

Ohun tó sì ń kó ìrònú bá mi nìyí. Bó bá ṣe pé adájọ́ béèrè pé kí ẹnìkan mú táípúráítà bàbá Dùgbẹ̀ wá, níbo ni a ti máa rí i? Bàbá náà ti kú. Ẹ̀rọ ẹ̀ ti wọ inú kẹ̀kẹ́ àwọn onírin. Òfin wa gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ó gba ìlò, ṣùgbọ́n àwa kò tọ́jú ẹlẹ́rìí.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná

Mo padà sórí ọmọ tó jókòó níwájú mi. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo mú ìwé àti bíró, mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá àwọn oníṣẹ́ iná ní Òtu, ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí. N ò fi nǹkan kan hàn wọ́n. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n: “Kí lẹ máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọńlé?”

Gbogbo wọn ló mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ní téèpù lòun fi ń wé e. Ọ̀kan ní káńfọ̀ lòun ń jù sí i, àmọ́ tí òórùn ẹ̀ bá ti lọ, ọmọńlé á padà. Òmíràn ní nẹ́ẹ̀tì lòun fi ń bo ihò, kìkì pé eruku ọyẹ́ máa ń dí i, ẹ̀rọ á wá gbóná jù. Bàbá kan ní Ìsẹ́yìn, tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin mi yìí, ní òun ti sọ ọ́ di àdúrà. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó dárúkọ kí a tún ojú iná tò. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìwé yẹn kì í ṣe páténtì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dìde lọ́jọ́ iwájú pé “ta ni ò lè ṣèyẹn?”, ìdáhùn wà nínú ẹ̀: àwọn tó yẹ kó ṣe é nìyí, ìṣòro náà ń jẹ wọ́n níyà, wọ́n ń wá ojútùú, ibòmíràn ni wọ́n sì ń wò. Mo ka àkọsílẹ̀ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi tó rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Prof, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Mo ti rí i tán ni mo fi rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.”

Ó ku ohun kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nígbà tí mo bi ọmọkùnrin náà bóyá ó ti fi han ẹnikẹ́ni, ó ní rárá, àfi ọ̀kan tó ti fi sínú fíríísà ìyá kan tó ń ta omi tútù. Ìyá náà ti sanwó. Ẹ rántí ohun tí òfin sọ: ohun tí wọ́n bá ti ń lò ní gbangba ti wọ inú ìmọ̀ tó wà nílẹ̀. Ṣé inú fíríísà tí a dè ní bóòtù jẹ́ gbangba? Agbẹjọ́rò kan á sọ bẹ́ẹ̀ ni, èkejì á sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo sọ òtítọ́ yìí fún un, n ò fi oyin sí i. Mo ní kó má fi òmíràn sílé ẹnikẹ́ni mọ́, kó ya àwòrán ẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì tètè lọ bá àwọn NOTAP, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìwé dé ni òfin wa mọ̀.

Ẹ ti wá mọ ìdí tí n kò fi sọ bó ṣe to ojú iná náà. Bí mo bá kọ ọ́ síbí, ó ti hàn sí gbogbo ayé nìyẹn, ọwọ́ èmi tí mo ní mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni n ó sì fi pa iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní táípúráítà Yorùbá àtijọ́ nílé, tàbí tí bàbá yín jẹ́ atẹ̀wé, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ tàbí oníṣẹ́ iná, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì tà á fún àwọn onírin. Ẹ ya àwòrán ẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Ọ̀nà Ṣakí ló kàn nígbà tí mo bá tún dé. Ire o.